Pásítọ̀ ló mú tíṣà tuntun wá: kí ni kí n wádìí kí n tó gbà á?

Màmá Ilé Ìwé Akóbọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Ẹtì.

Mo ní ilé ìwé kékeré kan ní Akóbọ̀, ní Ìbàdàn níbí. Láti jẹ́léósinmi dé Pírámárì 6, ọmọ 140. Tíṣà Pírámárì 3 wa ń bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Àbújá, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí a wọlé sáà tuntun. Pásítọ̀ wa bá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wá. Ọmọ ọdún 31 ni, ó ní NCE, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gbalaja. Mo ní kó kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà kan tó wà ní lẹ́sìnnì ìsinmi ní ìṣirò. Kó tó 20 ìṣẹ́jú, wọ́n ti ń nawọ́ sókè fún un. Owó tí mo pè náà tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Alẹ́ ni mo tó jókòó ka CV rẹ̀ dáadáa. Ilé ìwé mẹ́rin ló ti ṣe láàárín ọdún márùn-ún: ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, méjì ní Ìlọrin, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́. Oṣù mẹ́jọ kan sì wà láàárín tí kò kọ ohunkóhun sí. Lẹ́tà méjì ló mú wá. Pásítọ̀ ló kọ ọ̀kan. Èkejì wá láti ilé ìwé tó ti kúrò kẹ́yìn ní Ọ̀yọ́, "Sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn", pé ọmọlúàbí ni, pé ó fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mi ò sọ pé ó ṣe nǹkan kan o. Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wádìí ẹni tí pásítọ̀ mú wá tí kò ní dà bíi pé mo pe pásítọ̀ ní òpùrọ́? Kí ni kí n sì béèrè gan-an? Ẹ gbà mí o.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun · Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú ìnira mà. Èmi ò rí wàhálà níbẹ̀. Pásítọ̀ ò ní fi orúkọ ara wọn ṣeré. Ẹ ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tó bá ti mú un dé, ọ̀rọ̀ parí. Tíṣà tó mọ ìṣirò í kọ́ ọmọ ò pọ̀ nígboro.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà · Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ò tíì parí síbẹ̀. Àwọn oníléèwé tó gbára lé ìwé ọlọ́pàá yẹn pọ̀, ó sì yẹ kí a mọ ohun tó ń sọ àti ohun tí kò sọ.

Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ọ̀daràn tó wà ní Alágbọn, Ìkòyí, ló ń fún ni níwèé náà. Wọ́n á gba ìtẹ̀ka ẹni náà, wọ́n á wò ó bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí POSSAP, ojú òpó ọlọ́pàá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, báyìí. Kó gbà á, ó dára. Àmọ́ gbogbo ohun tí ìwé náà lè sọ ni pé àwọn ò rí i nínú àkọsílẹ̀ àwọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti parí ní pálọ̀ baálẹ̀ tàbí ní ọ́fíìsì oníléèwé, ibo ni ọlọ́pàá ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń parí èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọ̀rọ̀ yìí.

Bákan náà ni ìwé orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀. Òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ló ní kó wà, NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, sì ṣí i ní 2019. Èkó ní tirẹ̀. Èkìtì a máa gbé orúkọ àti àwòrán tiwọn síta fún gbogbo ayé rí. Ẹ wò wọ́n, kì í gba àkókò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi nìkan ló wà níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí orúkọ rẹ̀, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀.

Ohun kan tún kù. Ẹ jẹ́ kó buwọ́ lu ìwé pé òun gbà kí ẹ wádìí òun, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ò fẹ́ kí a máa tú ọ̀rọ̀ ẹni wò láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú ti sọ nǹkan kan fún yín nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham · Ọjọ́ Ajé, 1:17 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Igbákejì tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní London, ọdún kẹsàn-án mi rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gbà mí.

Ní ọjọ́ tí mo kún fọ́ọ̀mù DBS, ìyẹn ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lórí ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́, obìnrin tó jókòó síwájú mi ní, "Gbogbo orúkọ tí o ti jẹ́ rí." Mo kọ orúkọ bàbá mi àti orúkọ ọkọ mi. Ó tún bi mí, "Ṣé kò sí òmíràn?" Mo ní ìwé ẹ̀rí girama mi ní orúkọ tí màmá mi àgbà ń pè mí. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ gbogbo ilé tí mo ti gbé láàárín ọdún márùn-ún. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé torí mo jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni.

Nígbà tí wọ́n wá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ààbò ọmọdé ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Ní 2002, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Soham, ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé girama ibẹ̀ pa ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ian Huntley lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀sùn lórí ẹ̀sùn ti wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àgbègbè mìíràn láàárín 1995 sí 1999, kò sí èyí tí ilé ẹjọ́ fi dá a lẹ́bi. Nígbà tó wá iṣẹ́ náà, orúkọ Nixon, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, ló ń lò. Nixon nìkan ni wọ́n sì fi wò ó lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọn ò wo Huntley. Ìjọba gbé ìwádìí kan kalẹ̀, ti Bichard, èsì rẹ̀ jáde ní 2004. Òfin tuntun tẹ̀ lé e ní 2006. Ní 2012 ni wọ́n dá DBS sílẹ̀.

Màmá, ẹ wo bí orúkọ ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Orúkọ ìsàmì, orúkọ ilé, oríkì, orúkọ bàbá tó ti di orúkọ bàbá àgbà lórí ìwé míì. Ẹ gbé NCE rẹ̀, NIN rẹ̀ àti lẹ́tà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Tí kì í bá ṣe ọ̀kan, kó ṣàlàyé.

Lẹ́tà "Sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn" yẹn, wọn kì í gbà á níbí rárá. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé sí ọ̀gá tí o ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀gá náà á sì dá a lóhùn tààrà, kò ní gba ọwọ́ rẹ kọjá. Àlàfo oṣù mẹ́jọ yẹn náà, ẹ bi í. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ ṣáà bi í.

Táíwò Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Tíṣà ni mí, ọkùnrin sì ni mí. Pírámárì 2 ni mo ń kọ́. Ilé ìwé mẹ́ta ni mo ti ṣe láàárín ọdún mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ mí, mo sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Ní ìkejì, 28,000 náírà ni wọ́n ń san, owó ọkọ̀ mi sì lé ní 15,000 nínú ẹ̀. Láti 2024 ni òfin ti ní kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má ṣe dín ní 70,000. Ẹ bi àwọn tíṣà àdúgbò yín pé mélòó ló ń rí i gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹni tó sá kúrò níbi tí ebi ti fẹ́ pa á di oníwàkiwà.

Ohun kejì nìyí, ó sì wúwo lọ́kàn mi. Tí ọmọ bá ṣubú ní pápá, ẹ̀rù máa ń bà mí láti gbé e dìde, nítorí ojú tí àwọn ìyá fi ń wo ọkùnrin tó bá ń kọ́ ọmọ kékeré. Àǹtí Peckham, ètò tiyín dára, ṣùgbọ́n ìlú tó ní àkọsílẹ̀ ni. Níbí, tí Màmá bá kọ̀wé sí ilé ìwé mẹ́rin, ta ni yóò dáhùn?

Ọ̀gá Tíṣà Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Táíwò ọmọ mi, òótọ́ lo sọ nípa owó oṣù. Ilé ìwé mẹ́rin lọ́dún márùn-ún kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìbéèrè ni. Ẹ̀sùn àti ìbéèrè yàtọ̀ síra.

Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà, mo lo 14 nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé, kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọn kì í dáhùn lẹ́tà níbí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé fóònù, wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Màmá, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ni. Ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà ilé ìwé náà, lára pátákó wọn, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníléèwé, níbikíbi tí kì í bá ṣáà ti ṣe ọwọ́ rẹ̀. Tí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ lọ síbẹ̀. Ọ̀yọ́ ò jìnnà sí Ìbàdàn.

Tí ẹ bá rí ọ̀gá ibẹ̀, ẹ má bi í pé "Ṣé èèyàn dáadáa ni?" Kò sí Yorùbá tí yóò dá yín lóhùn pé rárá. Ọjọ́ wo ló dé, ọjọ́ wo ló kúrò, ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ sì fi wé ohun tó kọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ló gbé e kúrò. Ẹ bi wọ́n bóyá òbí kankan tàbí ọmọ kankan sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè èyí: "Tó bá padà wá sọ́dọ̀ yín lọ́la, ṣé ẹ máa gbà á?" Kí ẹ dákẹ́. Ẹ má bá wọn wá èsì o. Mo ti rí ọ̀gá tó yìn ènìyàn láti òkè délẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ wọhò nígbà tí mo bi í ní ìbéèrè kẹ́yìn yẹn.

Kí ẹ tó rí ọ̀gá pàápàá, ẹ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ adènà àti ìyá tó ń ta ìrẹsì nílé ìwé. Wọ́n mọ ohun tí ọ̀gá kò mọ̀.

Ní ọjọ́ íńtáfíù, ẹ fi ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀ kó dáhùn: ọmọ kan ń sunkún, kò fẹ́ lọ sílé, ó di mọ́ ẹ, kí lo máa ṣe? Ọmọ kan ní kí o má sọ ohun tí òun fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, ńkọ́? Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ní òun á gbọ́ ọ, òun kò ní ṣèlérí àṣírí, òun á sọ fún ọ̀gá. Ẹni tó bá ní òun á mú un lọ yàrá òun kí òun fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ó lè jẹ́ àìmọ̀kan ni, ó lè máà jẹ́ àìmọ̀kan.

Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, náà. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí ni kó mú wá o, kì í ṣe ẹ̀dà.

Táíwò Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ọ̀gá, ẹ ṣeun sà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ adènà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Òfófó lè ba ayé tíṣà jẹ́. Adènà kan wà níbi tí mo ti ṣe rí tó ń sọ pé mo ń jí ṣọ́ọ̀kì, nítorí mi ò fún un lówó ọdún.

Ọ̀gá Tíṣà Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 10:03 alẹ́

O wí ire. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ohun tí adènà bá sọ, ẹ gbé e lọ bi ọ̀gá wò. Ẹ má fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ó Dùn Mí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:14 òru

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ìrọ̀lẹ́. Orúkọ tuntun ni mo fi wọlé, ẹ má bínú. Mi ò tíì sọ eléyìí síta rí.

Igbákejì ọ̀gá ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé aládàáni kan, mi ò ní sọ ìlú. Tíṣà ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí gbogbo òbí fẹ́ràn. Òun ló ń ṣe lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin kan ní Pírámárì 4 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn inú rírun ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ lẹ́sìnnì ni. Èmi ni mo ń fún un ní omi iyọ̀ mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fún un ní omi iyọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó rí ohun tó rí lára aṣọ rẹ̀.

Àwọn òbí ò fẹ́ ariwo. Bàbá ọmọ náà ní tí ayé bá gbọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ lọ́la? Oníléèwé ní kí a fún ọkùnrin náà ní owó oṣù rẹ̀ àti lẹ́tà, kó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ lẹ́tà náà. Mo kọ pé ó jẹ́ aláápọn, ó ní ìfẹ́ ọmọdé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "ó ní ìfẹ́ ọmọdé." Mo buwọ́ lù ú, mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó gbọ́ pé wọ́n mú un ní ìlú mìíràn. Ọmọ méjì ni níbẹ̀. Ilé ìwé tó wà láàárín ibẹ̀ àti ọ̀dọ̀ wa, méjì ni.

Nọ́ńbà mi kan náà ni mo ṣì ń lò di òní. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn tó pè mí. Mi ò mọ̀ bóyá màá ní ìgboyà láti sọ ọ́ ká ní wọ́n pè. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohùn mi ò ní rí bí ohùn lẹ́tà yẹn.

Màmá Akóbọ̀, ẹ pe àwọn ènìyàn yìí.

Ìyá Mọ́ríámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:12 àárọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo dìde lọ wo àwọn ọmọ mi níbi tí wọ́n sùn sí. Olúwa á tu ọmọ náà nínú, á tu ẹ̀yin náà nínú.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Ó Dùn Mí, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí òfin wí kún un fún àwọn tó ń kà.

Ẹbí ò láṣẹ láti parí ọ̀rọ̀ yìí, oníléèwé ò láṣẹ. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Èkó fi sí bíbá ọmọdé lò pọ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2019, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní Ìkẹjà rán alábòójútó ilé ìwé kan lọ sẹ́wọ̀n 60 ọdún, nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bó tilẹ̀ ti pẹ́, ẹ lọ sọ ọ́. Tí ó bá jẹ́ Èkó ni, ẹ lọ bá DSVA, àjọ tó ń mójú tó ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Tí kì í bá ṣe Èkó, ẹ kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá tọ́ka ibi tí ẹ máa lọ fún yín.

Àwọn ọ̀gá ilé ìwé máa ń bi mí pé, "Tí mo bá sọ òótọ́ nípa tíṣà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ṣé kò ní pè mí lẹ́jọ́ pé mo bà á lórúkọ jẹ́?" Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ má fi àbá kún un, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè nìkan ni kí ẹ sọ fún, ẹ má sì fi ìkà sọ ọ́. Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Mọ́ríámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ tíṣà. Ta ló ń wa bọ́ọ̀sì? Ta ló ń mú ọmọ jẹ́léósinmi lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ní ilé ìwé ọmọ mi, tíṣà kún fọ́ọ̀mù, adènà ò kún nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ adènà ló ń dúró ti àwọn ọmọ tí òbí wọn ò tètè dé, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kò sì ní kó jẹ́ ọkùnrin dandan. Nánì obìnrin ló ń fún ọmọ àbúrò mi ní ẹ̀ṣẹ́ ní ìhà.

Àwa òbí náà ńkọ́? Tíṣà lẹ́sìnnì tó ń wá sílé, ta nínú wa ló ti pe ibi tó ti ń bọ̀ rí? Nọ́ńbà rẹ̀ ni à ń gbà lọ́wọ́ ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ wa, a ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ wọn kí ariwo tẹlifíṣọ̀n má baà dí wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ẹ gbà á kọ́ ni iṣẹ́ parí, Màmá. Ẹ bẹ́ gíláàsì sí ara ilẹ̀kùn kíláàsì. Lẹ́sìnnì, ní gbọ̀ngàn ni, kó má jẹ́ tíṣà kan àti ọmọ kan.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:02 ọ̀sán

Mo kó ọ̀rọ̀ mi àná jẹ o. Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pásítọ̀ yẹn. Báwo ni Màmá ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn?

Àlàájà Ìsẹ́yìn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn ìyẹn, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìmáàmù wa ló mú ọmọ àbúrò wọn wá fún mi láti máa wa bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù bà mí láti sọ̀rọ̀. Mo wá tẹ fọ́ọ̀mù kan, mo ní gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló máa kún un, tó fi dé orí ọmọ bíbí inú mi tó ń tọ́jú ìwé owó wa. Ọmọ mi bínú. Ó kún un. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìmáàmù, mo fi ti ọmọ mi hàn wọ́n, mo ní, "Ẹ wò ó, Àlùfáà, a kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Orúkọ yín la sì ń fi èyí dáàbò bò, torí tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, yín ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ." Wọ́n ní kí Ọlọ́hun bù sí òye mi.

Nínú fọ́ọ̀mù náà, onídùúró méjì, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí, kò gbọdọ̀ jẹ́ àlùfáà tàbí pásítọ̀. Pásítọ̀ mọ bó ṣe ń gbàdúrà ni, kò mọ bó ṣe ń ṣe nínú kíláàsì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìdánwò ni. Awakọ̀ ò gbọdọ̀ dá nìkan wà nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọmọ, nánì kan á wà níbẹ̀ títí ọmọ ìkẹyìn á fi sọ̀.

Owó nánì yẹn, mo ń san án. Ó ń dùn mí, mo sì ń san án.

Màmá Ilé Ìwé Akóbọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 8:55 alẹ́

Gbogbo yín, ẹ ṣeun, Olúwa á bá yín tọ́ tiyín. Ẹ gbọ́ ibi tí mo bá a dé.

Mo pe ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kó wá kún fọ́ọ̀mù. Ó buwọ́ lù ú láìjanpata. Mo bi í nípa oṣù mẹ́jọ yẹn, ó ní òun ń bá ẹ̀gbọ́n òun ta fóònù ní Ìlọrin. Mo pe ilé ìwé méjèèjì tó ṣe ní Ìlọrin, láti orí nọ́ńbà tí mo fúnra mi wá. Táíwò, ohun tí o sọ náà ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọn kì í san owó. Ọ̀gá kan ní òun á gbà á padà lónìí. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ò gbé fóònù.

Mo wá pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà Ọ̀yọ́. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá Tíṣà ní kí n má pè é, mo kàn fẹ́ wò ó. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní òun ni ọ̀gá ilé ìwé. Ó yìn ín títí. Mo béèrè pé ọmọ mélòó ló wà ní ilé ìwé yín, sà? Ó ní kí n dúró. Ó pa fóònù.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ ní àárọ̀ àná. Obìnrin ni ọ̀gá ilé ìwé náà, ó tó ẹni 60 ọdún, ó ń fi tẹ́ẹ̀pù dí ẹ̀yìn ìwé tó ti ya. Mo na lẹ́tà náà sí i. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, "Ìwé wa ni èyí. Èmi kọ́ ni mo buwọ́ lù ú." Mo bi í bóyá yóò gbà á padà. Ó wo ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì ìsinmi ń ka ìsọdipúpọ̀ ní kíláàsì kejì, a ń gbọ́ wọn. Wọ́n ka ti méje tán pátápátá kó tó dáhùn. Ó ní, "Rárá, ìyá." Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní òun ò lè sọ, pé oníléèwé ti ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Mi ò gbà á. Mo lọ bá pásítọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, mo gbé lẹ́tà náà kalẹ̀, mo sọ bí mo ṣe rí i. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n jókòó pẹ́, wọ́n ní, "Ilé ìwé ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní Mọ́níyà tún ti ní kó wá lọ́jọ́ Ajé." Wọn ò mọ orúkọ ibẹ̀.

Èmi fúnra mi ni màá kọ́ Pírámárì 3 títí a ó fi rí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà yẹn ńkọ́? Mi ò mọ ohun tó ṣe. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn?

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà · Ọjọ́bọ̀, 9:31 alẹ́

Ohun tí ẹ mọ̀ pọ̀ tó, mà. Lẹ́tà ayédèrú ni, ìyẹn nìkan ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń mójú tó ilé ìwé aládàáni, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà yín. Ẹ bẹ pásítọ̀ kí wọ́n bi ọmọ náà ní orúkọ ilé ìwé Mọ́níyà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ohun méjì péré fún wọn: pé ọ̀gá tí wọ́n lo orúkọ ilé ìwé rẹ̀ ní òun kọ́ ló buwọ́ lu lẹ́tà yìí, àti pé kí wọ́n pe ọ̀gá náà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀sùn tí ẹ ò mọ̀ kún un.

Ó Dùn Mí · Ọjọ́bọ̀, 11:50 alẹ́

Màmá, ẹ padà sí Ọ̀yọ́. Ẹ má fi fóònù ṣe é. Mo mọ obìnrin yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ríra rí. Ó ń dúró de ẹni tó máa padà wá ni. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún un, ẹ fún un ní nọ́ńbà mi, màá fi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ sọ fún un pé Mọ́níyà ni báyìí, pé Ajé ni.

Màmá Ilé Ìwé Akóbọ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 5:20 àárọ̀

Mo ti rí nọ́ńbà yín. Mo wà ní gáréèjì, ọkọ̀ ku èrò méjì kó kún.